Ṣé lóòótọ́ ni òróòro ọ̀nì ń pa ènìyàn? Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn lórí eré tí mò ń kọ

Àṣàkẹ́ Eléré, Òkè-Fìà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi ni mò ń kọ eré fún ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ kan níbí ní Òṣogbo, a ó sì gbé e jáde ní ìparí oṣù tó ń bọ̀. Ìtàn náà lọ báyìí: Baálẹ̀ abúlé kan ń ṣe òkú ìyá rẹ̀, àwọn ènìyàn pé jọ, wọ́n bu ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ fún un, igbá kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tó fi ṣubú lulẹ̀ tó sì kú. Àwọn ará abúlé ní ìyáálé rẹ̀ tó pọn ọtí ló fi òróòro ọ̀nì sí i, wọ́n sì lé obìnrin náà kúrò nílùú. Ìgbà tí eré bá fẹ́ parí ni a óò tó mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Ní Sátidé tó kọjá, a fi eré náà han àwọn òbí díẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan wà láàárín wọn. Nígbà tí a ṣe tán, ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Àbúrò mi, eré yín dùn, ṣùgbọ́n irú ikú yẹn kò sí." Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ irọ́ láti inú eré mi. Ṣé lóòótọ́ ni òróòro ọ̀nì ń pa ènìyàn? Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ló lè pa Baálẹ̀ tí kò ní jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ tí ojú gbogbo ènìyàn yóò lọ sára ìyáálé? Mi ò béèrè bí wọ́n ṣe ń po májèlé o. Bí ikú náà yóò ṣe rí lójú àwọn tó wà níbẹ̀ ni mo fẹ́ mọ̀.

Bàbá Ọdẹ

Ọmọ mi, má ṣe yí eré rẹ padà. Láti ìgbà tí mo ti ń gbé àpò tẹ̀lé bàbá mi lọ sí ìgbẹ́ ni mo ti mọ̀ pé bí ọdẹ bá pa ọ̀nì, ìṣojú ènìyàn ló gbọ́dọ̀ ti la inú rẹ̀. Wọn yóò yọ òróòro náà, wọn yóò gbé e sókè kí gbogbo ojú rí i, lẹ́yìn náà ni wọn yóò tó lọ sọ ọ́ nù. Bí kò bá pa ènìyàn, kí ni àwọn baba wa ń bẹ̀rù?

Tíṣà Kẹ́mísírì

Ẹ kú àgbà, Bàbá Ọdẹ. Àṣà tí ẹ sọ yẹn kò ní irọ́ nínú, kò sì mọ sí ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Títí dé Mòsáḿbíìkì ni àwọn ènìyàn ti gbà pé òróòro ọ̀nì ni olórí májèlé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mòsáḿbíìkì náà, nítorí ó sún mọ́ eré Àṣàkẹ́ débi pé ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo ka ìbéèrè rẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 2015, wọ́n ṣe òkú ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Chitima, ní ìpínlẹ̀ Tete. Wọ́n pọn ọtí ìbílẹ̀ kan tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun àgbàdo ṣe. Àwọn tó mu ún ní àárọ̀ kò ní nǹkan kan. Àwọn tó mu ún lẹ́yìn tí wọ́n ti ibi ìsìnkú dé ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run, tí wọ́n ń yàgbẹ́ gbuuru, tí okun tán lára wọn. Ó lé ní igba ènìyàn tó dùbúlẹ̀ àìsàn, 75 nínú wọn sì kú. Kíá ni gbogbo ènìyàn ti rí àlàyé: ẹnì kan ló yọ́ òróòro ọ̀nì sínú ọtí nígbà tí àwọn yòókù wà ní ìtẹ́ òkú. Àwọn ìwé ìròyìn káàkiri àgbáyé gbé ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, obìnrin tó pọn ọtí náà wà lára àwọn tó kú.

Nígbà tí àyẹ̀wò dé láti yàrá ìwádìí, kò sí ọ̀nì nínú rẹ̀ rárá. Ìyẹ̀fun tí wọ́n lò ni omíyalé ti bà jẹ́. Kòkòrò tíntìntín kan tí ojú lásán kò lè rí, Burkholderia gladioli, ti dàgbà sínú ìyẹ̀fun náà, ó sì ti tu oró kan sí i tí wọ́n ń pè ní bongkrekic acid. Oró yìí kò ní òórùn, kò ní adùn tàbí ìkorò, iná kò sì lè pa á, nítorí náà bí a bá sè é títí, ibẹ̀ náà ló wà. Iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ara ni pé ó ń ti ilẹ̀kùn ibi tí ara ti ń sọ oúnjẹ di agbára. Agbára wà nínú ilé, kò rí ọ̀nà jáde. Orúkọ rẹ̀ wá láti ara oúnjẹ kan ní Indonéṣíà tí wọ́n ń fi èéfọ́ àgbọn ṣe, tó ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ kí ìjọba tó fòfin dè é ní 1988.

Ní ti òróòro fúnra rẹ̀, olùwádìí kan ní Zimbabwe ti fún eku ní òróòro ọ̀nì ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, kò sì rí i pé ó ń pa wọ́n bí ẹnu aráyé ti wí. Ó korò gan-an, bí òróòro ẹran yòókù. Ẹni tó bá fi sínú ọtí, ahọ́n ẹni tí ń mu ún ni yóò kọ́kọ́ tú u fó.

Bàbá Ọdẹ

Tíṣà, mo gbọ́ ti Mòsáḿbíìkì, Ọlọ́run yóò tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n ẹ kò dá mi lóhùn. Kí ló dé tí a fi ń dà á nù níṣojú ènìyàn?

Nọ́ọ̀sì Alékúwodò

Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú èsì kan. Bí ọdẹ bá gbé òróòro ọ̀nì wálé, tí ẹnì kan sì kú láàárín oṣù kan ní àdúgbò, ta ni wọn yóò mú? Mo rò pé ara rẹ̀ ni ọdẹ ń dáàbò bò. Ó ń dá a nù níṣojú gbogbo ayé kí ẹnikẹ́ni má baà wá ka ikú sí i lọ́rùn lọ́la. Àwa náà la pa á lówe pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ. Nínú iṣẹ́ mi, mo ti rí ibi tí òwe yìí ti tú ilé ká.

Bàbá Ọdẹ

Ó bọ́gbọ́n mu. Mi ò tíì gbà tán, ṣùgbọ́n ó bọ́gbọ́n mu.

Kọ́lá Ayétòrò

Àbá tèmi ni pé kí ẹ lo oró paramọ́lẹ̀. Ìyẹn dájú ju ti ọ̀nì lọ, kò sì sẹ́ni tó máa jiyàn.

Nọ́ọ̀sì Alékúwodò

Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, ẹ má bínú, ìyẹn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Èdè wa ti la ọ̀rọ̀ yìí fún wa kí òyìnbó tó dé: májèlé ni èyí tí a jẹ tàbí tí a mu, oró ni a sábà ń pe èyí tí ejò tàbí àkekèé fi eyín tàbí ìrù gún sínú ara. Oró ejò ń ṣiṣẹ́ nígbà tó bá bá ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara pàdé. Bí iná bá ti bà á nínú ọbẹ̀, yóò bàjẹ́ bí ẹyin ṣe ń dì nínú omi gbígbóná, nítorí irú èròjà kan náà tó wà nínú ẹyin ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí tó bá sì dé inú, ikùn yóò lọ̀ ọ́ bíi ẹran. Kò túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni dán an wò, nítorí ọgbẹ́ kékeré lẹ́nu tó ọ̀nà fún un. Fún eré yìí, kò wúlò.

Apòògùn Ọjà-Ọba

Ọ̀rọ̀ tí Àṣàkẹ́ béèrè gan-an, bí ikú náà yóò ṣe rí, ni ìtàn májèlé kan tí wọ́n ń pè ní ásẹ́níìkì lè là yé wa jù lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilẹ̀ Yúróòpù, òun ni àwọn òǹpànìyàn fẹ́ràn jù. Kì í ṣe pé ó ń yára pani o. Ìdí ni pé ikú rẹ̀ jọ àìsàn: èébì, ìgbẹ́ gbuuru, inú rírun, bíi ti kọ́lẹ́rà tó ń jà nígbà náà. Dókítà yóò dé, yóò wo aláìsàn, yóò kọ kọ́lẹ́rà sílẹ̀, wọn yóò sì sin ín. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé májèlé ni.

Ní 1833, wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Bodle lọ sí ilé ẹjọ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ó fi ásẹ́níìkì sínú kọfí bàbá bàbá rẹ̀. James Marsh tó jẹ́ onímọ̀ kẹ́mísírì ṣe àyẹ̀wò, ó rí ásẹ́níìkì náà, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi dé iwájú ìgbìmọ̀ ìdájọ́, ohun tó rí ti bàjẹ́, wọ́n sì dá ọmọ náà sílẹ̀. Nígbà tó yá, Bodle jẹ́wọ́ pé òun lòun ṣe é. Ó dun Marsh wọra. Ó padà sídìí iṣẹ́, nígbà tó sì di 1836, ó gbé àyẹ̀wò mìíràn jáde: bí ásẹ́níìkì bá wà nínú ohun tí a ń yẹ̀ wò, á jáde bí afẹ́fẹ́, bí a bá sì fi iná sun afẹ́fẹ́ náà, á fi àbàwọ́n dúdú kan tó ń dán bíi dígí sára gíláàsì. Èyí kì í yára bàjẹ́. Adájọ́ lè gbé e sókè kó fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ní 1840, àyẹ̀wò yìí ni Orfila, onímọ̀ nípa májèlé, fi ṣe ẹlẹ́rìí ní ilẹ̀ Faransé níbi ẹjọ́ Marie Lafarge, wọ́n sì dá obìnrin náà lẹ́bi pé ó fi májèlé pa ọkọ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni òkú ti lè sọ̀rọ̀ nílé ẹjọ́.

Tíṣà Kẹ́mísírì

Apòògùn, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú ẹjọ́ Lafarge. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gbà á. Raspail, tó jẹ́ onímọ̀ kẹ́mísírì ní ilẹ̀ Faransé kan náà, takò ó, nítorí pé àwọn èròjà tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò náà lè ní ásẹ́níìkì nínú tiwọn tẹ́lẹ̀. Títí di òní ni wọ́n ṣì ń jiyàn bóyá obìnrin náà jẹ̀bi. Bí ìwọ̀n bá ti ní ẹ̀tàn, kí ni a fẹ́ fi rí òtítọ́ iye ọjà? Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń wo eré mú lọ nìyí, Àṣàkẹ́, bí ẹ bá rí ààyè fún un.

Apòògùn Ọjà-Ọba

Mo gbà. Ó yẹ kí n sọ ọ́.

Kọ́lá Ayétòrò

Ó dára, ṣùgbọ́n sáyánáìdì ń kọ́? Ìyẹn ń pani lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀gẹ́ sì kún fún un. Ẹ jẹ́ kí Baálẹ̀ jẹ ẹ̀bà.

Ìyá Onígààrí

Kọ́lá ọmọ mi, má bà mí lọ́jà jẹ́. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń yan gààrí, ẹ̀bà tèmi kò pa ẹnikẹ́ni rí.

Òótọ́ ni pé oró wà nínú ẹ̀gẹ́, pàápàá èyí tó korò. Àwa tó wà nídìí rẹ̀ mọ̀ ọ́n kí ìwé tó sọ ọ́. Bí a bá bó o, tí a rin ín, àpò la ń rọ ọ́ sí, a ó gbé e síbi tí a ti ń fún un, omi funfun bí omi ògì yóò máa kán tó-tó-tó láti ìsàlẹ̀ àpò, òórùn rẹ̀ á sì máa ta èèyàn nímú. Ọjọ́ mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́rin, ló ń wà níbẹ̀ kí ó tó kan dáadáa. Lẹ́yìn náà la ó sẹ́ ẹ, la ó tó dà á sínú agbada lórí iná. Ewúrẹ́ aládùúgbò mi kan já okùn ní ọdún kan, ó wá mu omi àpò náà lójú gọ́tà. Mo rí i báyìí tó fara ti ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gbọ̀n, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ tó ń mí bí ẹni tó sáré, kó tó dùbúlẹ̀. Kò dìde mọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbẹ́ kòtò sí ẹ̀yìnkùlé fún omi yẹn, mo sì fi páànù dé e.

Nítorí náà ẹni tó bá ń yan gààrí kò lè fi gààrí pa Baálẹ̀. Iṣẹ́ tí à ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́, yíyọ oró náà ni.

Tíṣà Kẹ́mísírì

Ìyá, ẹ ṣeun púpọ̀. Inú ẹ̀gẹ́, nǹkan méjì ló wà nínú yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: linamarin, ohun tí sáyánáìdì ti ń jáde, wà níhìn-ín, èyí tó lè tú u ká wà lọ́hùn-ún. Níwọ̀n ìgbà tí ògiri bá wà láàárín wọn, kò sí sáyánáìdì. Rírin ló ń wó ògiri náà. Sáyánáìdì tó jáde kò lẹ́mìí ìdúró, ìwọ̀n ooru 26 péré lórí òṣùwọ̀n Celsius ló ń fi di afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán Òṣogbo gbóná ju ìyẹn lọ. Díẹ̀ bá omi lọ, èyí tó kù bá èéfín agbada lọ. Ibi tí ewu wà ni ibi tí ìyàn bá ti mú kí àwọn ènìyàn gé iye ọjọ́ tí wọ́n ń rẹ ẹ̀gẹ́ kù. Ní Kóńgò, ó ti fa àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní konzo, tí ẹsẹ̀ àwọn obìnrin àti ọmọdé á le gan-an tí kò ní padà bọ̀ sípò. Kì í pa wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń ba ìrìn wọn jẹ́ títí láé.

Ìyàwó Òṣogbo, Ọmọ Kàlàbá

Ẹ dákun, ẹ gba èmi náà láyè. Kàlàbá ni wọ́n ti bí mi, Òṣogbo ni mo fẹ́ ọkọ sí. Bí Àṣàkẹ́ bá fẹ́ fi hàn bí wọ́n ṣe ń dá ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ lẹ́bi, kó wo ẹ̀wà kan tí àwọn Efik ń pè ní esere. Láyé àtijọ́, ẹni tí wọ́n bá fura sí pé ó jẹ́ àjẹ́ ni wọ́n ń fún jẹ. Bó bá bì í, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bó bá kú, ó jẹ̀bi. Dókítà kan ní Edinburgh, Robert Christison, tọ́ díẹ̀ wò nínú rẹ̀ ní 1855. Nígbà tó rí i pé ara òun ti ń kú lọ, omi tó fi fá irùngbọ̀n ló sáré gbé mu kí ó lè bì. Ní 1864, wọ́n yọ ojúlówó oró inú rẹ̀ jáde, wọ́n pè é ní physostigmine, nígbà tó sì yá, òun kan náà ni wọ́n fi ń tọ́jú àìsàn ojú tí ń jẹ́ glaucoma. Percy Julian, ọmọ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é ní yàrá ìwádìí láìlo ẹ̀wà rárá ní 1935. Àwọn ìyá wa máa ń sọ pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ mọ́ á gbé e mì lẹ́ẹ̀kan, á sì bì í. Ẹlẹ́bi á máa bẹ̀rù, á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kò sì ní bì í.

Tíṣà Kẹ́mísírì

Àlàyé yẹn dùn létí, àwọn onímọ̀ pàápàá sì máa ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó di òfin nínú eré. Ikùn kò mọ ẹ̀bi yàtọ̀ sí àre. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò ṣe nǹkan kan ni ẹ̀wà yẹn pa.

Nọ́ọ̀sì Alékúwodò

Àṣàkẹ́, mo fura pé èmi ni nọ́ọ̀sì tó fà ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní Sátidé. Jọ̀wọ́ jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò ráyè sọ.

Nínú fíìmù wa, ẹni tó jẹ májèlé á di àyà mú, ìfòfó á yọ lẹ́nu rẹ̀, á kú kí orin tó yí. Nítorí náà, bí ikú bá dé lọ́nà mìíràn, a kì í mọ̀ ọ́n. Ìdílé kan á tan jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á ti fèrèsé nítorí olè, ilẹ̀ á mọ́, wọn kò ní jí. Afẹ́fẹ́ carbon monoxide inú èéfín náà kò ní òórùn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tó lé ní igba ju bí afẹ́fẹ́ tí à ń mí ti ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ. Àwọn aládùúgbò á ní oúnjẹ alẹ́ ni, wọ́n á máa wá ẹni tó sè é. Láàárín 2008 sí 2009, ọmọdé 84 ló kú ní orílẹ̀-èdè yìí nítorí oògùn olómi tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń hu eyín, tí kẹ́míkà olóró kan tó ń jẹ́ diethylene glycol wà nínú rẹ̀. Ìyá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ ní ṣíbí, kíndìnrín ọmọ náà kò ṣiṣẹ́ mọ́, ìtọ̀ dá dúró. Ní Zamfara ní 2010, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé kú nítorí òjé tó wà nínú òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ nínú agboolé. Gìrì ni wọ́n ń pè é kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó dé. Kò sí òṣìkà kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí tó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìgò.

Ohun kan tún wà. Nínú eré rẹ, wọ́n da epo pupa sí Baálẹ̀ lẹ́nu. Jọ̀wọ́ yọ ọ́. Epo kì í ṣe ẹ̀rọ̀ májèlé. Ẹni tí kò mọ ara rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni epo náà ń lọ.

Bàbá Ọdẹ

Nọ́ọ̀sì, lórí epo ni mo ti ní láti bá yín jà. Epo ni ìyá mi fún mi nígbà tí mo mu kẹrosíìnì ní ọmọ ọdún mẹ́fà, mo sì wà láàyè.

Nọ́ọ̀sì Alékúwodò

Bàbá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kì í ṣe lọ́wọ́ epo. Ewu kẹrosíìnì gan-an ni kí ènìyàn bì í, kó sì gba ẹ̀dọ̀fóró lọ, epo sì lè mú ènìyàn bì. Àwọn oògùn kòkòrò mìíràn tún wà tó jẹ́ pé epo ló ń bá wọn wọ ara. Ọmọ tí wọ́n gbé dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú ìgò ohun tó mu lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, a mọ ibi tí a ti máa bẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi wákàtí méjì rọ epo sí lẹ́nu nílé, òun ló máa ń dà wá láàmú.

Bàbá Ọdẹ

Ó dára. N óò sọ fún àwọn ọmọ mi.

Àṣàkẹ́ Eléré, Òkè-Fìà

Mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ tó. Mo ti kọ ìran kẹta ní àkọtúnkọ láti àná. Odò kún, ó wọ inú àká, ìyáálé sá àgbàdo tó rẹ náà sóòrùn nítorí kò sí òmíràn nílé. Ó pọn ọtí lẹ́ẹ̀mejì: àgbàdo àtijọ́ ló fi pọn ti àárọ̀, èyí tí omi bà jẹ́ ló fi pọn ti ìrọ̀lẹ́. Baálẹ̀ mu ún, ó jó, ó lọ sùn. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, àti àwọn mẹ́sàn-án mìíràn. Nígbà tí wọ́n wá lé ìyáálé, wọ́n bá òun náà lórí ẹní, igbá tó fi tọ́ ọtí wò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè mi kan ṣoṣo tó kù: ṣé bí wọ́n ti ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ bá ìyẹn mu?

Ìyá Onígààrí

Ó bá a mu, ṣùgbọ́n fi kún un pé kí àgbàdo hù kí ó tó sá a. Àgbàdo tí kò hù kò lè di ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Kí ìyáálé gbé ẹ̀kúnwọ́ kan sí imú, kí ó gbóòórùn rẹ̀, kí ó dúró díẹ̀, kí ó tó dà á sórí ọlọ. Àwọn obìnrin tó bá ń wo eré náà yóò mọ ohun tó ń rò.